Ọmọ ń pe àkàrà, a ò gbọ́

Ọmọ ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ni Àjàní nígbà tí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ pè mí, ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023. Èmi ni mo fún un ní Àjàní nínú àkọsílẹ̀ yìí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an ń bẹ lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, àwọn náà ló sì gbà kí n kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ìṣẹ́yìn ni wọ́n ń gbé, Ìbàdàn ni mo wà. Ìyá ń ṣe tíṣà, bàbá ń wakọ̀ èrò Èkó, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ló ń wálé. Ìyá bàbá ló ń mójú tó ọmọ láti àárọ̀ títí ìyá rẹ̀ yóò fi ti ilé ìwé dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi màmá yìí sọ́kàn. Èmi ò tètè fi í sọ́kàn, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló sì bá a lọ.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa tọ́jú ọmọ tí ọ̀rọ̀ sísọ rẹ̀ falẹ̀, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní spíìsì tẹ́rápì. Láti ìgbà kòrónà lọ́dún 2020 ni mo ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lórí fóònù. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí ò pọ̀, ìlú ńlá sì ni ọ̀pọ̀ wa kóra jọ sí. Ẹni tó wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ṣakí kò lè máa san owó ọkọ̀ wá sí Ìbàdàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

“Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló ní, ma,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Dádì, báì-báì, àti nó.”

Mẹ́ta kéré. Ọmọ tó pé ọdún kan sábà máa ń ní ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lẹ́nu. Tó bá fi máa pé ọdún méjì, ó yẹ kó ti máa so méjì pọ̀, bíi “omi tán” tàbí “dádì lọ”. Tó bá di ọdún méjì ààbọ̀, nǹkan bí ọ̀rọ̀ 50 ló yẹ kí wọ́n máa gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ará ilé àti aládùúgbò ti sọ tiwọn kí ìyá yìí tó pè mí. Ẹnìkan ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ẹlòmíràn ní kí wọ́n wá omi tí odídẹrẹ́ mu kù fún un. Ẹnìkẹta ní okùn abẹ́ ahọ́n ni, kí wọ́n lọ gé e. Jẹ́lé-ó-sinmi kan tí wọ́n mú un lọ fún sáà kan ní kí gbogbo ilé má sọ Yorùbá sí i mọ́, pé èdè méjì ló ń dà á láàmú, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kó máa gbọ́.

Odídẹrẹ́ ṣọ̀wọ́n, wọn ò rí omi rẹ̀. Okùn abẹ́ ahọ́n kì í sábà dá ọ̀rọ̀ dúró, ọmọ náà sì ń yọ ahọ́n síta dáadáa, kódà ó ń fi ṣẹ̀fẹ̀. Nínú gbogbo ìmọ̀ràn yẹn, ti ilé ìwé ni wọ́n tẹ̀ lé, òun ló sì ṣe ibi jù. N óò padà sórí ẹ̀.

Ṣùgbọ́n etí ló ṣáájú. Mo bi ìyá rẹ̀ bóyá ọmọ ṣe ibà pọ́njú nígbà tí wọ́n bí i. Ó ní ó ṣe é, lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, wọ́n sì tẹ́ ẹ sábẹ́ iná aláwọ̀ búlúù ní ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo tún bi í nípa káńfọ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní àwọn aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ti fi káńfọ̀ pamọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀ fún un. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń retí ọmọ, ẹ gbọ́ èyí: ọ̀pọ̀ ọmọ wa, pàápàá àwọn ọkùnrin, ni ẹ̀jẹ̀ wọn ṣaláìní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD. Bí òórùn káńfọ̀ bá wọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lára, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, pípọ́n ojú náà á le sí i, bó bá sì le kọjá ààlà, ó lè ba iṣan tó ń gbé ohùn láti inú etí lọ sí ọpọlọ jẹ́. Mo ní n kò ní bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun títí wọn ó fi yẹ etí Àjàní wò. Inú ìyá rẹ̀ ò dùn. Ó ní ọmọ náà ń gbọ́, pé bí wọ́n bá ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì báyìí, á sáré dé. Mo ní àwọn ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa náà ń sáré sí fíríìjì.

Ẹ̀rọ tó ń yẹ iṣan etí wò máa ń fẹ́ kí ọmọ sùn, kí wọ́n lè lẹ wáyà mọ́ orí rẹ̀, kí wọ́n máa ta ohùn kékeré sí i létí, kí wọ́n sì rí bí ọpọlọ ṣe ń dáhùn. Nítorí náà ni ìyá rẹ̀ ṣe jí i ní aago mẹ́rin òru kí oorun lè kùn ún. Ọmọ sùn lóòótọ́, àmọ́ inú ọkọ̀ ló sùn sí, láti Ìṣẹ́yìn títí dé Mọ́níyà. Nígbà tí wọ́n fi máa dé ọsibítù, ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó ń gun orí àga kiri. Ọ̀sẹ̀ kejì ni wọ́n tó rí i ṣe.

Ìròyìn tó jáde dára ju ohun tí mò ń bẹ̀rù lọ. Iṣan etí ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n omi wà lẹ́yìn ìlù etí méjèèjì, irú omi tí kì í ṣe ọyún, tí kì í dun ọmọ, tí kò sì ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fura. Dókítà etí ní kí wọ́n dúró oṣù mẹ́ta, torí irú omi bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀. Ẹ ti ìka bọ etí yín méjèèjì kí ẹ ní kẹ́nìkan bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ó gbọ́ bí ohùn ṣe ń lọ sókè, tó ń lọ sódò. Ẹ ó gbọ́ fáwẹ́lì, a, e, i. Àmọ́ f, s, t, k, tí agbára wọn ò tó nǹkan, á máa sọnù. Bí ayé ṣe ń dún sí Àjàní létí nìyẹn, fún oṣù tí ẹnikẹ́ni ò mọ iye rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ pè mí láti gáréèjì ní Èkó láti bèèrè, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bóyá ó ní ọ́tísìmù. A bá ìbéèrè 20 kan lọ, èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọ oṣù 16 sí 30. Ọmọ náà ń nàka sí nǹkan, ó ń gbé nǹkan wá kí ènìyàn lè rí i, ó ń gbé ìgò sétí bíi fóònù, tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ sókè, á wẹ̀yìn. Kò sí ohun tó mú mi fura. Ọkàn bàbá balẹ̀, ó ní òun á ra ohun ìṣeré bọ̀. Mo ní kó má rà á.

Oṣù Igbe ni a bẹ̀rẹ̀, bí mo sì ṣe bẹ̀rẹ̀ ń tì mí lójú láti sọ. Mo tan fídíò, mo gbé ọmọlangidi sójú kámẹ́rà, mo ń kọrin, mo ń ṣojú bí ológbò. Àjàní wò mí fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́, ó fi ìka fa ojú mi sí ẹ̀gbẹ́ kí n lè kúrò, kí àwòrán tó máa ń wò lè jáde. Ìgbà tí n kò kúrò, ó bú sẹ́kún. Fóònù yẹn ni sinimá rẹ̀. Èmi ni mo wá dí i lójú. Ìgbà kejì ò sàn ju ìyẹn lọ, nẹ́tíwọ̀kì tún ń já.

Ọmọ ọdún méjì kì í kọ́ ọ̀rọ̀ lójú fóònù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí. Iṣẹ́ tí fóònù lè ṣe ni kó gbé mi dé etí àgbàlagbà tó wà lọ́dọ̀ ọmọ. Mo bá ní kí ìyá rẹ̀ gbàgbé ìpàdé ojú-kojú. Mo kọ́ ọ ní nǹkan mẹ́ta péré: kó lóṣòó síwájú ọmọ kójú wọn lè ṣe déédéé, kó máa dárúkọ ohun tí ọmọ bá ń wò, kó sì dákẹ́ kí ọmọ lè ráyè. Mo ní kó máa ká fídíò ìṣẹ́jú méjì, kó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lóru tí dátà bá rọjú. Obìnrin náà ṣe é. Gbogbo alẹ́ ni fídíò ń dé. Ó lóṣòó, ó ń dárúkọ nǹkan, ó ń dákẹ́. Ohun gbogbo wà bí mo ṣe wí, ọmọ kò sì sọ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sí. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò sí. Mo ti ń rò ó nínú ara mi pé àbí ó ń ṣe é fún kámẹ́rà nìkan ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ní ìparí oṣù Èbìbí, ó fi fídíò kan ránṣẹ́ tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀rọ̀. Ó fẹ́ kí n rí bí ọmọ ṣe ti bàtà bọ ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀. Àjàní jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bá bàtà jà. Lọ́nà jíjìn, èèyàn ń gbọ́ ohùn alákàrà. Ọmọ gbójú sókè, ó ní “à-à-à”. Kò sí ẹni tó dá a lóhùn. Ó tún ní “à-à-à”, ó na ọwọ́ sí títì. Lẹ́yìn kámẹ́rà, mo gbọ́ ohùn màmá àgbà: “Ó tún ti bẹ̀rẹ̀ ariwo àárọ̀ ẹ̀.”

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹrin. À-à-à. Ohùn ìsàlẹ̀ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan dá dúró, kò fà wọ́n pọ̀ bí ẹni ń sunkún. Dò, dò, dò. Ẹ yọ k, ẹ yọ r kúrò nínú àkàrà, kí ẹ wo ohun tó kù.

Mo pe ìyá rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, “Mọ́mì Àjàní, ṣé ojoojúmọ́ ló ń pariwo yẹn?” Ó ní òun ò mọ̀, òun kì í sí nílé lásìkò yẹn, kó tó di aago méje òun ti jáde. Ó bi ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo àárọ̀ ayé ni, bí alákàrà bá ti ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún gbáko ni mo fi ń kọ́ ẹni tó ń rí ọmọ fún wákàtí mẹ́ta lálẹ́, nígbà tó ti rẹ àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń wà pẹ̀lú rẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán, n kò bá a sọ̀rọ̀ rí ju “ẹ káàsán, Mama” lọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní Mama.

“Dókítà mi,” ni Mama pè mí. Mo ti sọ fún un títí pé n kì í ṣe dókítà, kò gbà. Mo ní ó dà bíi pé ọmọ ń pe àkàrà. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní kí a dán an wò: kí wọ́n gbé àkàrà síhìn-ín, kí wọ́n gbé ẹ̀kọ sọ́hùn-ún, kí wọ́n bi í èwo ló fẹ́, kí wọ́n má nàka sí ọ̀kankan. Ó nàka sí àkàrà, ó ní à-à-à. Ìgbà tó jẹ ẹ́ tán, ó nàka sí ẹ̀kọ, ó ní “ẹ̀-ọ”. Mama pariwo orúkọ Olúwa. Lẹ́yìn náà ló bèèrè pé, “Ṣé bí ìlù ni?”

Mo ní, “Bí ìlù ni, Mama.” N kò nílò láti ṣàlàyé mọ́. Ẹni tí gángan ti pe oríkì rẹ̀ rí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń dé láìní ẹnu. Àwọn ọmọ tí à ń sọ èdè olóhùn fún sábà máa ń mú ohùn ṣáájú kọ́ńsónáǹtì. Èyí tí etí rẹ̀ dí díẹ̀ bíi ti Àjàní, ohùn yẹn ló ṣẹ́ kù fún un láti dì mú. Ẹni tó bá ń fi etí Gẹ̀ẹ́sì kà á, ariwo lásán ni yóò gbọ́, èmi náà sì ti fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kan, èmi àti Mama kó ọ̀rọ̀ mọ́kànlá jọ tí ẹnikẹ́ni ò kà. “O-i” ni omi. “À-á” ni màmá, ìyẹn Mama fúnra rẹ̀, tó ti rò pé ọmọ ò ní orúkọ fún òun. “Ú-ẹ́-ì” ni búrẹ́dì. “Ọ-ọ́” ni ọwọ́, tí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́ kó tó jẹun. “Ọ-ọ̀” ni ọkọ̀, tí fèrè bá dún níta, tó rò pé bàbá òun dé. Fáwẹ́lì kan náà ni méjèèjì, ohùn ló yà wọ́n, kò sì ṣì wọ́n lò rí. Mẹ́ta ìyá rẹ̀ wá di 14. Ó ṣì kéré púpọ̀ fún ọmọ ọdún méjì ààbọ̀, n kò sì fi pamọ́ fún wọn. Àmọ́ ẹni tó ní 14, èèyàn mọ ibi tó lè bẹ̀rẹ̀ sí.

Mo wá bi Mama kí ló dé tí òun ò fi í bá ọmọ sọ̀rọ̀ nínú fídíò. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó ní, “Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni ká máa sọ. Èmi tí n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí ni mo fẹ́ wí?” Oṣù mẹ́rin ni ìyá àgbà yìí, tó lè fi oríkì jí òkú, fi ń wẹ ọmọ, tó ń fún un lóúnjẹ, tó ń gbé e pọ̀n, tí kò wí nǹkan kan ju “kọ́mù” àti “sídáùn” lọ. Fóònù ló gbé lé e lọ́wọ́ kó lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ láti 2019 pé ọmọ ọdún méjì kò gbọdọ̀ kọjá wákàtí kan lóòjọ́ níwájú irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àti pé èdè méjì kì í fa kí ọmọ má sọ̀rọ̀. Ọmọ tó bá ń gbọ́ méjì, ṣe là ń ro ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ bí a bá ń kà á. Bínú ṣe bí mi sí ilé ìwé yẹn, mi ò lè fẹnu sọ ọ́. Mo ní kí Mama padà sí èdè rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ó kọ íápíìsì, ó ní ó ń rin òun létí. Ó ń ki fóònù bọ abẹ́ gèlè ní ẹ̀gbẹ́ etí, bí àwọn obìnrin ọjà ṣe ń ṣe, èmi á sì máa sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí i níbẹ̀ tó bá ń bọ́ ọmọ. Kò sí fídíò. N kò rí nǹkan kan, etí lásán ni mo fi ń ṣiṣẹ́, dátà tó sì ń jẹ ò tó nǹkan. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí ẹ̀rọ, n kò tíì ní ìpàdé tó dùn tó bẹ́ẹ̀.

“Mama, ẹ mú àkàrà kan dání, ẹ má tíì fún un.”

“À-à-à.”

“Ẹ pè é padà fún un.”

“Àkàrà! Àkàrà lọkọ mi fẹ́.”

“Ẹ fún un níbẹ̀. Díẹ̀ báyìí, bí èékánná.”

“Ẹ̀yin dókítà yìí, ẹ fẹ́ kí n máa ṣahun sí ọmọ ọmọ mi?”

“Kó lè tún pè é ni, Mama. Tẹ́ ẹ bá gbé gbogbo rẹ̀ fún un, kí ló kù tó fẹ́ sọ? Ẹ dákẹ́ báyìí. Ẹ ka ení dé àrún nínú.”

Nínú ni mo wí, ṣùgbọ́n Mama kà á sókè. “Ení, èjì...” Ó dúró láti mí. Ọmọ ní, “Ẹ̀-a!” Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la rẹ́rìn-ín, Àjàní gan-an ló pariwo jù. Láti ọjọ́ yẹn ni kíka ení ti di eré wọn: tí wọ́n bá fẹ́ gbé e sókè, tí wọ́n bá fẹ́ da omi lé e lórí, Mama á kà dé èjì, á dúró. Òun ló tún fúnra rẹ̀ fi oríkì kún un. Á ki í, ki í, tó bá dé orí Àjàní, á pa ẹnu mọ́, á máa wò ó. Èmi ò kọ́ ọ ní ìyẹn.

Dídákẹ́ yẹn ló nira fún un jù. Ìfẹ́ ti pọ̀ jù nínú ilé yẹn. Kí ọmọ tó wo kèrègbè, omi ti dé. Ọmọ tí wọ́n ń mọ èrò inú rẹ̀ báyìí kò ní ìdí láti la ẹnu.

Ní oṣù Agẹmọ, wọ́n padà lọ yẹ etí wò: ti ọ̀tún ti gbẹ, ti òsì ku díẹ̀. Ní oṣù Ọ̀wàrà, méjèèjì mọ́. M àti b ló kọ́kọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀, bàtà di “bàbà”, bàbá rẹ̀ sì ní bàtà lòun ń jẹ́ nílé. Ìgbà tó pé ọdún mẹ́ta ní oṣù Bélú, ìyá rẹ̀ ti kọ ọ̀rọ̀ 90 sínú ìwé, Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń so méjì tàbí mẹ́ta pọ̀: “ọkọ̀ dé”, “omi tán”, “mi ò jẹ”. Bí ẹ bá bi mí pé èwo ló ṣe é, omi etí tó gbẹ ni, àbí Mama tó padà sọ̀rọ̀, àbí fóònù tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ, àbí ọdún tó ń gorí ọdún, mi ò lè pín in fún yín. Gbogbo wọn dé lásìkò kan náà.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni mo lè tọ́jú báyìí. Èyí tí oúnjẹ ń há lọ́fun, èyí tí kò gbọ́ràn rárá, èyí tó ti ń sọ̀rọ̀ tó wá dákẹ́, mo máa ń ní kí wọ́n gbé e wá kí ọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá sì fẹ́ gba ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀rọ, kó béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àjọ ìjọba tó ń ṣètò iṣẹ́ wa, kó sì wò ó bóyá yóò béèrè nípa etí.

P àti gb ò tíì dá Àjàní lóhùn, r náà ń yọ́ di l lẹ́nu rẹ̀. Nínú fídíò tó kẹ́yìn tí wọ́n fi ránṣẹ́, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú owó lọ́wọ́, ó ń ké sí títì pé, “Àkàlà! Àkàlà wá!” Mama fi ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ó ní, “Àkàlà kẹ̀? Ẹyẹ wo lo fẹ́ jẹ láàárọ̀ yìí?” Lẹ́yìn náà ló rántí pé mo ti ní kí wọ́n má máa bá a wí, kí wọ́n kàn pe ọ̀rọ̀ náà padà fún un bó ṣe yẹ. Ó wo kámẹ́rà fìrí, ó tẹ̀ sílẹ̀ síwájú ọmọ, ó ní, “Àkàrà. Àkàrà gbígbóná.”

“Àkàlà góná,” ni Àjàní wí, ó sì na owó sí alákàrà.